Aṣọ Tí Wọ́n Fi Wé Ère Àbúrò Mi

Wọ́n hùwà àbùkù kan sí wa ní Sharjah, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, tí n kò ní fi pamọ́. Àbúrò mi, tí a jọ ń gbé ní àdúgbò Al Karama nílùú kejì, gbẹ́ ère igi kan tó ga tó ènìyàn. Ère náà ní irùngbọ̀n, ó ní ọmú, ó sì di ṣùkú. Ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Nígbà tí a dé ibẹ̀ lọ́jọ́ ìṣíde, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e láti abíyá dé orúnkún, bí ẹni tó sáré jáde nílé ìwẹ̀ wá gba ọṣẹ.

Mo bi obìnrin tó ń ṣàkóso ibẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní tẹbítẹbí ni àwọn ènìyàn ń bọ̀, wọn kò sì ní mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Mo ní, “Ṣé wọ́n fẹ́ gbé e níyàwó ni?”

Mo wá ro ẹjọ́ bí agbẹjọ́rò. Mo ní nílẹ̀ wa, baba ọlọ́mọ a máa de ọmú igi mọ́ àyà jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìyàwó rẹ̀ a sì máa yìn ín. Obìnrin náà ní bó bá jẹ́ àṣà ìbílẹ̀ ni, khalas, ó parí nìyẹn, kí a kọ bẹ́ẹ̀ sára ògiri, àwọn yóò tú aṣọ. Mo ti ń gẹ fìlà ìṣẹ́gun nígbà tí àbúrò mi fà mí sẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Àwọn baba yẹn, bí wọ́n bá jó tán, wọ́n á tú ọmú sílẹ̀, wọ́n á relé. Èmi kì í tú tèmi. Ara mi ni mo gbẹ́. Ẹ wo imú yẹn dáadáa.”

Mo wò ó. Imú bàbá wa ni, tí ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́.

“Ṣé kí wọ́n máa wé ọ láṣọ nìṣó ni?”

“Aṣọ kò sọ pé kì í ṣe èmi. Àlàyé tiyín ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Bí aṣọ ṣe kù síbẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà. Àwọn ẹbí tí wọ́n torí wọn bò ó ni wọ́n sì ń ká etí aṣọ náà sókè láti yọjú. Ìyá oníṣòwò kan, ọmọ ilẹ̀ wa tó ń rajà ní ọjà Deira, yọjú tirẹ̀, ó sì rọra tún aṣọ náà ṣe.

“Ọmọ mi, ta nìyí?”

“Èmi ni, mà.”

Ó wo ère náà, ó tún wo àbúrò mi.

“Ooru ò mú ọ nínú aṣọ yìí?”

Àbúrò mi ní, “Ó mú mi, mà.”