Wọ́n Ní Mo Jí Iṣẹ́ Ògúngbèmí

Lọ́jọ́ tí Díìnì ẹ̀ka wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, mo rò pé ó fẹ́ kí mi kú oríire ni. Iṣẹ́ mi ti wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ ní yunifásítì mìíràn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá mo tó ẹni tí wọ́n ń sọ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ti ra súùtù. Ìyàwó mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò wa ní Mówé.

Díìnì kò rẹ́rìn-ín. "Dókítà Olúgbèmí, ẹ jókòó. Ta ni Ògúngbèmí?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ má bá mi ṣeré o! Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ iṣẹ́ yín wò ní olè ni yín. Ó ní Ògúngbèmí kan ló ṣe gbogbo iṣẹ́ gidi lórí lésà àti ìrẹsì, pé ẹ̀yin kàn ń tún un kọ ni. Ó ní fọ́tò ọkùnrin yẹn gan-an lẹ kó sínú ìwé yín."

Ẹ̀rín tó fẹ́ pa mí tẹ́lẹ̀ bá sá lọ.

Lésà ni ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan ṣoṣo tó ń lọ tààrà láì fọ́nká. Òun ló wà nínú ẹ̀rọ tó ń ka àwo fídíò. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, agbára mi ò ká lésà tuntun, ni mo bá ń lọ sí Ìbàfò lọ́dọ̀ Bùọ̀dá Ràsákì, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń tún rédíò ṣe, láti ra àwọn ẹ̀rọ fídíò tó ti kú. Ó máa ń wò mí tìyanutìyanu.

"Tíṣà, gbogbo òkú yìí, ibo lẹ fẹ́ sin wọ́n sí?"

Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni mo ń tan lésà náà sí. Ẹni tó bá ti jẹ èyí tí wọn ò ṣà dáadáa mọ ohun tí òkúta inú rẹ̀ ń fi eyín ṣe. Bí lésà bá kan hóró ìrẹsì, ìmọ́lẹ̀ náà a wọ inú rẹ̀, a sì mú kó mọ́ láti inú wá. Òkúta kì í gbà á wọlé rárá. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ lè fi dá òkúta mọ̀ kó sì yọ ọ́. Ìyá tó ni ilé ìlọ-ìrẹsì tí mo ti kọ́kọ́ dán an wò ní Ọ̀fàdà kàn ń pariwo pé kí n má sun ìrẹsì òun ni.

Mo kọ ọ́ jáde, ayé sì gbà á. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dárúkọ onítọ̀hún nínú ìwé tirẹ̀. Ìtọ́kasí là ń pè é, òun la sì fi ń mọ̀ bí iṣẹ́ ẹni ṣe wúlò tó. Àwọn ará Íńdíà tọ́ka sí mi nítorí ẹ̀wà wọn, àwọn ará Bràsíìlì nítorí kọfí. Ògúngbèmí ni gbogbo wọn ń dárúkọ, nítorí orúkọ tí mò ń jẹ́ nígbà náà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni bàbá mi di àtúnbí. Jórin-jórin ni wọ́n ní Ìfọ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, kò sì sí ẹni tí kì í jẹ́ Ògún nínú ìdílé wa. Bàbá kó gbogbo wa jọ, wọ́n ní Olúgbèmí là ń jẹ́ láti ọjọ́ náà lọ. A búra ní kóòtù, a sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn. Mo fi ẹnu ara mi ṣèlérí fún wọn pé mi ò ní lo orúkọ yẹn mọ́.

Bí mo ṣe di Olúgbèmí nìyẹn. Tí mo bá fẹ́ mẹ́nu ba iṣẹ́ mi àtijọ́, màá kọ ọ́ bí àṣà wa ṣe rí, "gẹ́gẹ́ bí Ògúngbèmí ti ṣàlàyé." Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnì kan lè rò pé ẹni méjì ni wá.

Nígbà tí mo rò ó fún Díìnì tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ ìgò ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìwé kóòtù nìkan ò tó.

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ka ìtọ́kasí. Ẹ kọ orúkọ méjèèjì sí ojú ìwé yín níbẹ̀, kí gbogbo ayé rí i pé ẹnì kan ni yín. Bí ẹ ò bá ṣe é kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, ipò ti lọ nìyẹn, orúkọ olè á sì kù."

Mo wakọ̀ lọ sí Ìfọ̀. Mo fẹ́ràn bàbá mi ju ipò èyíkéyìí lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ipò náà, mi ò ní purọ́. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jó géètì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rò ó fún wọn.

"Orúkọ yẹn kẹ̀? Láéláé! A ti kúrò níbẹ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní mo jalè."

"Kí lo jí?"

"Iṣẹ́ Ògúngbèmí, sà."

Bàbá bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn. "Wọ́n pe ọmọ tèmi lólè?" Wọ́n ju ìbọ̀wọ́ náà sílẹ̀. "Àwọn wo tilẹ̀ ló ń dárúkọ ẹ?"

"Àwọn ará Íńdíà, sà. Bràsíìlì. Jámánì."

"Wọ́n ń pe Ògúngbèmí ní Jámánì? Ṣé wọ́n ń pè é dáadáa?"

"Ó ń ta kókó mọ́ wọn lẹ́nu díẹ̀, sà."

Wọ́n yíjú sápá kan kí n má baà rí ẹ̀rín wọn.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá wọ súùtù ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n sì tẹ̀ lé mi dé ọ́fíìsì Díìnì. Díìnì kúnlẹ̀ kí wọn.

"Màdáámù, èmi ni mo sọ ọmọ yìí ní Ògúngbèmí. Èmi náà ni mo sọ ọ́ di Olúgbèmí. Ta ló wá jí iṣẹ́ ta?"

"Ẹ má bínú, sà."

Wọ́n ní kí n ṣí kọ̀ǹpútà lójú àwọn. Mo ti tẹ Olúgbèmí tán kí wọ́n tó gbá mi léjìká.

"Pa á rẹ́. Ògúngbèmí ni kí o kọ́kọ́ kọ. Òun ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́."

Omi bọ́ lójú mi níwájú Díìnì, mi ò sì tijú. Ìtọ́kasí apá méjèèjì wọ inú ara wọn, ẹni tó pè mí lólè tọrọ àforíjì, mo sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti jáde ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá á pè mí lórí fóònù.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ta ló tún dárúkọ wa lọ́sẹ̀ yìí?"

"Àwọn ará Íńdíà ni, sà."

"Ẹ ṣeun o," ni wọ́n á wí, bí ẹni pé àwọn ará Íńdíà náà wà lórí fóònù pẹ̀lú wa.