Ambrose Tuckwell Gba Ọ̀nà Òsì

Ọjọ́ tí Ambrose Tuckwell ṣìnà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London, gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nílé yẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dìbò. Ẹni tó bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn á gba ti òsì, wọ́n á sì máa kà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà bí àgùntàn. Ìjọba ẹgbẹ́ Ambrose fẹ́ ti àwọn ojú irin kéékèèké pa, títí kan èyí tó wọ Marlsey, ìlú tó dìbò yàn án sílé náà. Ọ̀tún ni ẹgbẹ́ ní kó gbà. Ambrose dìde, ó gbójú sókè bí ẹni tó ń ka ìràwọ̀, ó sì rọra gba òsì lọ.

Rodney Fanshawe, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti da àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ síbi tó yẹ kí wọ́n dìbò, sáré bá a.

"Ọ̀gbẹ́ni Tuckwell! Ibo lẹ ń lọ yẹn?"

"Ṣé ibí kọ́ ni wọ́n ti ń bu tíì?"

"Tíì kẹ̀! Ẹ ti ṣìnà! Ẹ sáré gba ọ̀tún kọjá náà, ìbò méjèèjì á pa ara wọn rẹ́."

"Rodney, bàtà yìí ń há mi lẹ́sẹ̀. Jẹ́ kí n jókòó ná."

Ó sì jókòó lóòótọ́. Kó tó dìde, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ọ̀tún, ìjọba sì fi ìbò kan ṣoṣo fìdí rẹmi. Ojú irin Marlsey yè é. Ipò mínísítà tí wọ́n ti ń gbèrò fún Ambrose kò yè é ní tirẹ̀. Ìwé ìròyìn kan ní oorun ló ń kùn ún, ó sọ ọ́ ní "Aṣòfin Olóorun", orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín, àfi Hester Plumtree, obìnrin tó ń bá a ṣètò ìbò ní Marlsey. Ó mọ̀ pé ọ̀gá òun a máa sùn, ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ mọ òótọ́, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n máa pe ènìyàn rere ní òmùgọ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

"Misi Plumtree, ẹ wo kùrukùru orí irà yẹn. Ó dà bíi pé òkun fẹ́ wá kí wa nílé."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ká má purọ́, ọkùnrin náà a máa lá àlá lójú ọ̀sán gangan. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ lórí owó orí nílé ìgbìmọ̀ nígbà kan, ó fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án sọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ tó ń bà sórí irà Marlsey ní ìdájí, bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ rìn lórí omi tí kò ní ìró. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Nígbà tó jókòó, alátakò rẹ̀ gan-an gbàgbé láti dìde fèsì.

Lásìkò ìbò, Hester á kọ ogójì ilé tó yẹ kó lọ tọrọ ìbò fún un lóòjọ́, mẹ́ta ni yóò dé. Lọ́jọ́ kan, Ambrose kan ilẹ̀kùn Ìyáàfin Grimble, ẹni tó lẹ fọ́tò alátakò mọ́ fèrèsé.

"Ẹ̀yin yìí, ṣé ẹ ò rí fọ́tò ni?"

"Mo rí i, mà. Ó rẹwà jù mí lọ. Ṣé omi tíì yín ti hó?"

Nígbà tí Hester máa fi rí i, Ambrose ti sùn lọ lórí àga, ológbò wà lórí itan rẹ̀, Ìyáàfin Grimble sì ń rán bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀.

"Ẹ má jí i," ni obìnrin náà wí. "Mi ò ní dìbò fún un o, àmọ́ kó sun oorun rẹ̀ tán."

Láràárọ̀ Sátidé, Ambrose máa ń jókòó sí yàrá òkè ilé ìkàwé kí ará ìlú lè wá sọ ìṣòro wọn, ojú rẹ̀ á sì wà níta. Cobbold, ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin, ròyìn òrùlé tó ń jò títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́, Ambrose kàn bi í léèrè orúkọ ajá rẹ̀.

"Pepper!" ni Cobbold wí, ó sì bínú jáde. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, àwọn kápẹ́ńtà ti wà lórí òrùlé náà.

Ambrose ti fẹ̀yìn tì nígbà tí àìsàn dá a wó. Hester lọ kí i, ìgbà náà ni Ambrose tó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ìbò ojú irin fún un.

"Ojú mi là kedere lọ́jọ́ yẹn, Misi Plumtree. Mo mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi gba orúkọ burúkú yẹn?"

"Bí mo bá ní mo mọ̀ọ́mọ̀, ẹgbẹ́ á lé mi. Ta ni wọ́n fẹ́ lé nítorí pé ó ṣìnà? Àti pé ẹ̀rù kì í ba èèyàn láti sọ ìṣòro rẹ̀ fún òmùgọ̀. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Hester ṣèlérí. Lọ́jọ́ ìsìnkú Ambrose, Fanshawe wá láti London, ó tún ìtàn tíì àti bàtà sọ, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì bú sẹ́rìn-ín. Bí Hester bá dákẹ́, wọ́n á sin ọkùnrin yìí ti òun ti orúkọ òmùgọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ó da ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dìde.

"Kò sùn o. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Cobbold ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

"Misi Plumtree, ẹ jókòó, ẹ má da ara yín láàmú. A mọ̀."

"Ẹ mọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tó ti London dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú reluwé, ó gbọ́wọ́ lé ara ọkọ̀, ó ń sunkún. Ẹni tó kàn ṣìnà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi. Ìyàwó mi sọ fún ìyókù."

"Kí ló wá dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un?"

Ìyáàfin Grimble ló dáhùn. "Ó fẹ́ ká máa rò pé òun sùn ni. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn, kí ló dé tá a máa fi dù ú?"

Hester jókòó. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀, nítorí Ambrose ti lọ láì mọ̀ pé odindi ìlú kan ló ń bá a tọ́jú àṣírí rẹ̀.