Fírísà Tó Ń Jí Ní Jímọ̀

Ìyá Ṣìfáwù kì í wọlé láìkí ènìyàn. Yóò béèrè ìyàwó, yóò béèrè ọmọ, yóò béèrè ewúrẹ́ tó bímọ lánàá. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣakí tí kò kí ẹnikẹ́ni, tó kàn wo Ọ̀gá Mùdá lójú tó ní, "Ó tún ti sùn," èmi tí mò ń fọ páìpù nílẹ̀ rọra gbé e sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà.

Iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì ni à ń ṣe nígbà náà. Ọ̀gá Mùdá ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo ti gba fúríìdọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, a jọ ń ṣe é lọ ni. Iná mànàmáná kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní àdúgbò wa, àwọn tó sì ní fíríìjì, a mọ̀ wọ́n lórúkọ. Ti Ìyá Ṣìfáwù jẹ́ fírísà, àpótí funfun tó ń mú nǹkan dì gbagidi, inú rẹ̀ ló ń kó ẹja tó ń tà nítòsí gáréèjì sí. Òkú Èkó là ń pe ẹja náà. Orúkọ yẹn nìkan tó láti lé oníbàárà. Àwọn àgbà kan wà nílùú tó ní àwọn kò lè jẹ ẹja tí àwọn kò mọ ọjọ́ tó kú. Ìyá Ṣìfáwù kò bá wọn jiyàn. Ó ń tà á lọ, títí wọ́n fi rí i pé ẹja rẹ̀ kì í rùn. Ohun kan ṣoṣo tó ní lọ́jà nìyẹn. Opó ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kò sì yéé ránṣẹ́ láti Ìwéré-Ilé pé kó fi ọjà sílẹ̀, kó wá máa bó ẹ̀gẹ́ nínú oko àwọn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń pè ní kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀. Ìkòkò irin dúdú tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn fírísà ni. Òun ló ń ti gáàsì kiri inú páìpù, kí inú àpótí lè tutù. Bí kò bá ṣiṣẹ́, àpótí aṣọ lẹ rà. Èyí tí Ìyá Ṣìfáwù kọ́kọ́ ní tóbi, ó ń pariwo bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ tó tún dé, yóò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tó kú, Ọ̀gá Mùdá fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Tuntun kéré, ohùn rẹ̀ tutù bí ti ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Ọ̀gá ní ayé ti lajú, irú èyí ni wọ́n ń lò báyìí. Òótọ́ ló sọ. Kò sí ohun tó ṣe é, àfi pé bí iná bá lọ tó tún dé, kì í jí. Yóò kùn díẹ̀, yóò ṣe "tá", yóò dákẹ́.

Èyí tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé bí àwa bá dé ibẹ̀, ó ń jí. Ìyá Ṣìfáwù yóò pa á, yóò rìn láti gáréèjì wá pè wá, a ó jọ rìn padà, Ọ̀gá Mùdá yóò tẹ súwíìṣì, fírísà yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́. Gàníyù tó ń lẹ táyà níwájú ìsọ̀ Ìyá Ṣìfáwù kò jẹ́ ká sinmi. Ó ní kí Ọ̀gá Mùdá má wulẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wá mọ́, kó kàn máa wúkọ́ láti ṣọ́ọ̀bù, fírísà yóò gbọ́. Ìyá Ṣìfáwù kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá Mùdá," ó ní, "bó bá jẹ́ ojú yín ló ń bẹ̀rù, ẹ fún mi ní fọ́tò yín kí n gbé e kọ́ sókè orí ẹ̀."

Ọ̀gá ní òun kò ní fọ́tò tó dára.

Lọ́jọ́ tí kò kí wa yìí, ààwẹ̀ ti sún mọ́lé. Ó ti kó ẹja tuntun láti Ìbàdàn, fírísà kún dẹ́nu, èyí tó wà lókè sì ti ń rọ̀. "Bí ẹja yìí bá fi lè rùn," ó ní, "mo ti dé Ìwéré-Ilé nìyẹn." Ọ̀gá Mùdá ronú títí, ó ní ní Sátidé òun yóò gé kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ náà kúrò, òun yóò sì lọ wá òmíràn ní Ìbàdàn. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí ẹja yóò wà títí Ọ̀gá yóò fi dé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n lọ jókòó ti fírísà náà ná. Ó ní, "Fírísà kì í ṣe aláìsàn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní kí n máa lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo lọ. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mi ò tú àpò irinṣẹ́. Iná ìgbà yẹn máa ń ṣẹ́jú: yóò lọ, yóò tún dé kí ènìyàn tó parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Bó ti lọ, Ìyá Ṣìfáwù pa súwíìṣì, gẹ́gẹ́ bí a ti kìlọ̀ fún un, kí agbára iná tó ń padà bọ̀ má ba ẹ̀rọ jẹ́. Bó ti dé, ó tàn án. Ó kùn, ó ṣe "tá". Ó pa á, ó tún tàn án. "Tá." Ó fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń lé àgbò tó dùbúlẹ̀ sójú títì, ó tún tàn án. Mo fọwọ́ kan ìkòkò irin náà, ó gbóná bí ìkòkò ọbẹ̀.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó ń ṣe àlùwàlá láti lọ kírun. Ó wo ojú mi, àánú mi ṣe é.

"Má da ara rẹ láàmú, Ràṣídì. Bí mo bá ti mọ́ṣáláṣí dé, yóò jí. Kì í bá mi jà ní Jímọ̀. Mùsùlùmí ni."

"Gbogbo Jímọ̀, mà?"

"Gbogbo Jímọ̀."

"Ta ló máa ń tàn án tí ẹ bá lọ?"

"Ta ni yóò tàn án? Mo máa ń pa á ni, kí iná má lọ jó ìsọ̀ mi. Bí mo bá dé ni mo ń tàn án."

Èmi náà lọ kírun. Ẹ má bi mí ní ohun tí lèmọ́mù sọ nínú wáàsí. Nígbà tí a dé, ó tẹ súwíìṣì, fírísà jí wẹ́rẹ́, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀sìn ló ń ṣe. Ìsinmi ni. Kò sì bẹ̀rù ojú Ọ̀gá Mùdá rí. Ìrìn láti gáréèjì dé ṣọ́ọ̀bù wa, àlọ àti àbọ̀, ni oorun rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ó ti ti gáàsì jọ sí apá kan páìpù. Bó bá dúró lójijì, gáàsì náà ní láti ṣàn padà díẹ̀díẹ̀ títí ìhà méjèèjì yóò fi dọ́gba. Ẹni tó bá ní kó dìde kí ìyẹn tó parí dà bí ẹni tó ní kí alábàárù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù tún gbé e, nígbà tí kò tíì mí. Ẹ̀rọ àtijọ́ lágbára bí akọ màlúù, yóò gbé e bẹ́ẹ̀. Tuntun kò lè gbé e, ìgbìyànjú náà sì ń mú un gbóná sí i.

Bí a ṣe ń sọ irú èyí fún ọ̀gá ẹni, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Òun ló yan ẹ̀rọ náà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ tí ẹ fi sí i kò ní àrùn kankan. Oorun rẹ̀ ni kì í tó." Ó ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Mo ti ń fura." Kò fura sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ní Sátidé, a jọ lọ. Mo sọ fún Ìyá Ṣìfáwù pé bí iná bá dé, kó dúró díẹ̀ kó tó tàn án.

"Díẹ̀ ta ni?" ó ní. "Tìrẹ ni àbí tèmi? Ìwọ lo ò lẹ́ja níbẹ̀."

Òótọ́ ni. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo rí tẹ̀súbáà. Mo ní kó fà á yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó má sáré, kó tó fọwọ́ kan súwíìṣì. Mo wá bẹ Ọ̀gá Mùdá pé kó lọ dúró lẹ́yìn ilé, níbi tí fírísà kò ti lè rí i, kí Gàníyù má bàa rí nǹkan sọ. Ọ̀gá lọ. Mo ń bọlá fún un nítorí ìyẹn títí dòní.

Iná lọ, ó sì dé. Ìyá Ṣìfáwù na ọwọ́ òsì sí súwíìṣì, ó fà á padà, ó jókòó lé e. Ó ń fa tẹ̀súbáà, ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ fírísà lojú rẹ̀ wà, níbi tí omi ti ń kán sílẹ̀. Gàníyù ní ó tó. Ìyá Ṣìfáwù tún fa ìlẹ̀kẹ̀ kan. Nígbà tó kan ìlẹ̀kẹ̀ tó kẹ́yìn, ó ní "Bisimiláì," ó tẹ̀ ẹ́. Ó kùn. A ń retí "tá". "Tá" kò wá. Ó ń kùn lọ.

Láti ẹ̀yìn ilé, Ọ̀gá Mùdá ní, "Ṣé kí n máa bọ̀?"

Ẹja náà kò rùn. Ó tà á tán nínú ààwẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Ìwéré-Ilé sì wá rà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo fi ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, àwọn ẹlẹ́ja ti di ọ̀wọ́ nítòsí gáréèjì, ẹ̀rọ kékeré ni gbogbo wọ́n ń lò, gbogbo wọn ló sì ti kọ́ bí a ṣe ń fa tẹ̀súbáà dúró dè é lọ́dọ̀ Ìyá Ṣìfáwù. Ìyá Dèbórà tí kò ní tẹ̀súbáà máa ń kọ orin ìsìn, ẹsẹ kan kì í yẹ̀. Fírísà tirẹ̀ ló pẹ́ láyé jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àlùfáà àlejò kan sọ̀ nínú ọkọ̀. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó ní ìlà, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, tí oníbàárà ń pè wọ́n tí wọn kò dáhùn. Ó dúró. Ó ní òun ti rin ìlú púpọ̀, òun kò tíì rí ọjà tí wọ́n ti ń rántí Ọlọ́run báyìí. Ìyá Ṣìfáwù, tó ti di arúgbó, fi àtàǹpàkò di ìlẹ̀kẹ̀ tó kà dé mú kó má bàa sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Àlùfáà, ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Fírísà ṣì ń sùn."