Irun Mi Já Nígbà Tí Ọkọ Mi Wà Lójú Ogun

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n sọ ọ̀ràn irun orí mi fún yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n orí tèmi ni irun náà ti já. Ṣé kò yẹ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́?

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí. Sàlámátù ni bàbá mi sọ mí. Ọ̀kà ni mo ti lọ́kọ, ní àdúgbò Ìwàrò, lẹ́bàá òkè. A ò tíì lo ọdún méjì pọ̀, a ò sì tíì bímọ, nígbà tí ogun Jámánì dé. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ránṣẹ́ sí ìlú pé kí wọ́n fa ọkùnrin kalẹ̀ tí yóò máa ru ẹrù tẹ̀lé àwọn ṣọ́jà. Wọ́n mú ọkọ mi. (Ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀ o, n kì í pè é.) Wọ́n mú Ògúndélé náà, ọkọ Ọmọ́yẹni tí ilé wọn kọjú sí tiwa.

Ọmọ́yẹni yìí ni ọ̀rẹ́ tí mo ní ní Ọ̀kà. Òun ló ń dirun fún mi. Irun tirẹ̀ dúdú, ó sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òòyà fi máa ń há sínú rẹ̀. Àwọn àgbà obìnrin a máa fọwọ́ kan orí rẹ̀ bí ó bá ń kọjá, wọn a ní olórí ire ni.

Láti ọjọ́ tí àwọn ọkọ wa ti lọ, a ò gbọ́ nǹkan kan. Oṣù kan lọ, oṣù mẹ́ta lọ. Ta ni a óò bi? Oúnjẹ kò wá fẹ́ lọ lọ́fun mi mọ́. Bàbá mi, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, ti kọ́ wa ní ààwẹ̀ láti kékeré, ni mo bá jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé n óò máa gbààwẹ̀ títí ọkọ mi yóò fi dé. Mo kọ́kọ́ ń gbà á ní ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yá, mo ń gbà á lójoojúmọ́. Bí oòrùn bá wọ̀, òkèlè méjì péré, ó tán. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Yèyé ọkọ mi rò pé ìrònú ni.

Ẹ ò lè mọ̀ mí mọ́ nígbà náà. Ẹ̀gbà ọwọ́ mi ń bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìró tí mo ń ró lẹ́ẹ̀kan wá ń yí mi ká lẹ́ẹ̀mejì. Egungun èjìká mi yọ síta bí igi ọkọ́.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan ni irun bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ọmọ́yẹni ń tú orí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo bi í pé kí ló dé. Ó na òòyà sí mi, òòyà náà sì kún dẹ́nu fún irun mi. Ó bi mí bóyá mo fi nǹkan kan sórí, mo ní rárá. Nígbà tí a tún máa dirun, gbogbo ẹ̀bátí mi ọ̀tún ti pá, ó ń dán, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

Kí ló dé tí àyà fi já wa tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀. Nígbà náà, bí ọkùnrin bá kú, wọ́n máa ń fá orí ìyàwó rẹ̀ kodoro. Tí ó bá ti ṣe opó tán, ọ̀kan nínú àwọn ẹbí ọkọ yóò ṣú u lópó, ìyẹn ni pé yóò gbà á ṣe aya. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ó kàn láti ṣú mi. Èmi tí ọkọ mi wà lójú ogun, tí irun mi wá ń já láìsí abẹ, kí ni ẹ rò pé àwọn ènìyàn yóò sọ?

Kí n má purọ́, èmi náà gbà á gbọ́. Bí irun kan bá já lé mi lọ́wọ́, ńṣe ló dà bíi pé ẹnìkan ń tufọ̀ fún mi.

Ni a bá ń fi í pamọ́. Ọmọ́yẹni a fi òwú dúdú di ìwọ̀nba tó kù bo ibi tó pá, yóò ṣa èyí tó já nílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, yóò sì jù ú sínú iná ìdáná. Gèlè kò kúrò lórí mi mọ́, nínú ooru, nínú òjò. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí lẹ́yìn, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ lọ sórí gèlè kí n tó wẹ̀yìn.

Omi ni ó tú àṣírí mi. Mo ti odò dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyáálé yèyé ọkọ mi sì dìde láti bá mi gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀. Bí a ti gbé e, òṣùká lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ó fa gèlè dání, gèlè sì fa irun. Mo ń wo irun ara mi lórí òṣùká bí ìgbà tí a ya koríko lórí òrùlé. Màmá náà wo òṣùká, ó wo orí mi. Ó rọra gbé ìkòkò sílẹ̀, ó sì sọ pé:

"Ọmọ wa ti kú. Orí ìyàwó rẹ̀ ti ń fárí opó fúnra rẹ̀."

Kí oòrùn tó dé àtàrí, gbogbo agboolé ti gbọ́. Wọ́n jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Baba, kì í ṣe ènìyàn burúkú, n ò ní bà á jẹ́ níwájú yín. Ohun tí ó sọ ni pé àbúrò òun kì í ṣe adìẹ tí yóò sọnù tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè. Bí ó bá ti kú sí ilẹ̀ òkèèrè tí a ò ṣe ètò rẹ̀, níbo ni yóò ti rí ìsinmi? Wọ́n dá ọjọ́ karùn-ún pé àwọn yóò fá orí mi. Omijé ń dà lójú yèyé ọkọ mi láìsí ohùn.

Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n lọ sọ fún àwọn ènìyàn mi ní Ìkàrẹ́. Wọn kò lè kọ ìyẹn, nítorí a kì í sọ ọmọ ọlọ́mọ di opó lẹ́yìn ẹbí rẹ̀. Ọmọ́yẹni ní òun yóò sìn mí. Ọ̀nà tí ènìyàn ń rìn láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, ilẹ̀ ti fẹ́ máa ṣú kí a tó dé. Mo jókòó lójú ọ̀nà títí mi ò lè ka iye ìgbà mọ́. Ojú mi ń ṣú, Ọmọ́yẹni sì ń fà mí dìde.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Yèyé Ugbè nítorí pé Ugbè ló ti lọ́kọ kí ó tó padà wálé, ni ó jókòó níwájú ilé. Mo wólẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ṣí gèlè. Mo rò pé yóò ké. Kò ké. Ó fọwọ́ kan orí mi, lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ sí ìhà mi, ó ń ka egungun.

"Ìgbà wo lo jẹun yó gbẹ̀yìn?" ni ó bi mí.

N ò lè rántí.

Òun àti bàbá mi kò jẹ́ kí n sùn láìjẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá mi ní Ọlọ́run kò bẹ̀ mí pé kí n pa ara mi, pé n óò fi oúnjẹ fún aláìní dípò ẹ̀jẹ́ mi. Nígbà tí mo sinmi tó, Yèyé Ugbè ní òun ń bá mi padà sí Ọ̀kà.

Àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún gan-an ni a wọlé. Wọ́n ti tẹ́ ẹní. Igbá omi ti wà nílẹ̀, abẹ wà nínú rẹ̀, aṣọ dúdú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Yèyé Ugbè kí gbogbo ilé, ó ní òun fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Ó rán wọn létí ogun Tápà, nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí gbogbo Àkókó sá gun orí òkè, tí wọ́n ń jẹ ewé àti iṣu ìgbẹ́. Ó ní lẹ́yìn tí ogun lọ, tí àwọn ti ń jẹun padà pàápàá, ni irun orí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í já.

"Èyí tí ọkọ rẹ̀ kú, irun rẹ̀ já. Èyí tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè, irun rẹ̀ já. Ọmọge tí kò tíì mọ ọkùnrin, tirẹ̀ náà já. Ikú ọkọ wo ni irun ọmọge ń kéde?"

Baba wá tẹjú mọ́ ọn. Ó ní ogun nìyẹn, ebi nìyẹn. Ó ní iṣu wà nínú àká àwọn, àbí Ìkàrẹ́ wá sọ pé àwọn ń fi ebi pa ìyàwó ni? Gbogbo ojú yí sí mi. Mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, ìjà ni yóò di láàárín ìlú méjèèjì. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́, mo sọ iye òkèlè. Mo ní kò sẹ́ni tó fi ebi pa mí, èmi ni mo pa ara mi.

Baba ṣì ń mi orí. Ta ló máa ṣe onígbọ̀wọ́ pé àbúrò òun wà láàyè? Ìgbà náà ni yèyé ọkọ mi dìde. Láti ọjọ́ òṣùká kò tíì sọ̀rọ̀. Ó lọ síbi igbá, ó mú abẹ kúrò nínú omi, ó fi ìró rẹ̀ nù ún.

"Èmi náà pá nígbà yẹn," ni ó sọ. "Lórí òkè yìí. Mo ti gbàgbé. Ẹ kò ní fá orí ọmọ yìí nítorí ebi."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbà láti dúró títí ìròyìn yóò fi dé. Láti ọjọ́ náà, yèyé ọkọ mi ló ń jókòó tì mí bí mo bá ń jẹun. Iyán pẹ̀lú ẹ̀gúsí, ọ̀ọ̀lẹ̀, ẹyin, ẹran ìgbẹ́. Kò ní dìde títí àwo yóò fi gbẹ.

Ẹ má rò pé irun náà dúró lọ́jọ́ kejì o! Ó tún já fún bí oṣù méjì. Mo ń yó, irun ń já, Baba sì ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí ọkàn mi balẹ̀. Ọmọ́yẹni ló ṣì ń ṣa irun nílẹ̀. Òun náà ló kọ́kọ́ rí i: ó gbá ọwọ́ mi mú, ó gbé e sí ẹ̀bátí mi, nǹkan múlọ́múlọ́ bí ìyẹ́ òròmọdìẹ ti hù níbẹ̀. Àwa méjèèjì sunkún.

Irun mi ti tó dì nígbà tí wọ́n dé. Àwọn ọkùnrin tó ti ojú ogun bọ̀ gba ọ̀nà Ìkàrẹ́ wọ Ọ̀kà ní ọ̀sán, ọkọ mi sì wà láàárín wọn, ó ń tiro, ojú rẹ̀ ti jìn. Mo sáré. Ṣùgbọ́n bí mo ti dì mọ́ ọn, kò wò mí. Ẹnu ọ̀nà òdìkejì ni ó ń wò, níbi tí Ọmọ́yẹni dúró sí, tí ó ń wá Ògúndélé láàárín wọn.

Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa Ògúndélé. Nígbà wo? Ọkọ mi ní wọn kò tíì lo oṣù méjì lọ́nà tí wọ́n fi sin ín.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí a ń sọ pé orí mi ń kéde ikú, opó gan-an ló ń ṣa irun mi nílẹ̀. Ẹyọ kan kò sì já lórí tirẹ̀.

Ọmọ́yẹni ní èmi ni kí n di orí òun mú nígbà tí wọ́n ń fá a. Ẹrù irun ni ó já lé mi lẹ́sẹ̀. Kò sunkún títí wọ́n fi parí. Ó wá fọwọ́ pa irun náà nílẹ̀, ó ní, "Sàlámátù, irun yìí kò sọ nǹkan kan fún mi."

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí obìnrin bá rù gidigidi, yálà ìrònú ló fà á, tàbí àìsàn, tàbí ààwẹ̀ àṣejù, irun lè já, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù ni yóò já. Ẹ wo àwo oúnjẹ rẹ̀ kí ẹ tó wo orí rẹ̀. Ẹ má fi ara ẹni tó ń jìyà sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ rò pé nǹkan kan kò ṣe, ẹ bi òun náà léèrè bí ó ṣe wà, nítorí èmi kò bi Ọmọ́yẹni rí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni irun rẹ̀ ti já rí nínú yín, kí ni wọ́n sì sọ sí i? Ẹ wí, mo ti sọ tèmi.