Pẹ́pẹ́yẹ Rọ́bà Ọmọ Mi

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ń fẹ títì níwájú ilé wa ní Awóyáyà, tí eruku máa ń bà lé gbogbo nǹkan, títí kan orí ọmọ mi ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Ọkọ mi ń lẹ táìlì nínú ẹ̀sítéètì kan nítòsí Lakowe. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó onílé tó ń bá ṣiṣẹ́ fún ọkọ mi ní pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà kan tí ọmọ tiwọn ti dàgbà jù fún. Ihò kékeré kan wà ní ìdí rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, á ké. Mo gbà pé ọ̀làjú ti wọlé wa. Inú omi ìwẹ̀ ni ọmọ mi ti ń fi í ṣeré lójoojúmọ́, èmi á sì fi kànìnkàn àti ọṣẹ fọ ara pẹ́pẹ́yẹ náà títí á fi máa dán.

Obìnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, sùtánà ló ń rán tà. Agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ni àwọn ọmọ tirẹ̀ fi ń ṣeré, ọmọ mi sì fẹ́ràn láti máa rá lọ bá wọn. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ló máa ń fi sẹ́nu. Mi ò ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Agolo aládùúgbò ni. Mo délé, mo sọ fún gbogbo ayálégbé nídìí kànga: “Ọ̀bùn ni wọ́n níbẹ̀ yẹn o. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín débẹ̀ mọ́.” Kí ọjọ́ kejì tó pé, àwọn ọmọ obìnrin náà nìkan ló ń dá ṣeré. Mo ti ọmọ tèmi mọ́lé pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀.

Ńṣe ni àìsàn náà le sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ojú ọmọ mi ti jìn wọnú, kò lè sunkún dáadáa mọ́, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi. Aládùúgbò náà wọlé wá kí wa. Kò mẹ́nu ba ohunkóhun tó ti gbọ́. Pẹ́pẹ́yẹ tó wà lẹ́nu ọmọ ló ń wò.

“Ìyàwó, jọ̀ọ́, bá mi gbé abọ́ kan wá.”

Ó tẹ pẹ́pẹ́yẹ náà sínú abọ́. Omi dúdú tó ń yọ̀ tú jáde, ó ń rùn. Wọ́n ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Tèmi yí padà.

“Omi ìwẹ̀ ló dúró sínú ẹ̀,” ó wí. “Èmi kì í fún wọn ní ohun tí mi ò lè rí inú ẹ̀. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń fi omi gbóná fọ agolo wọn, kí n tó sá a sóòrùn.”

Ó pọn ọmọ mi fúnra rẹ̀, a sì jọ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ara rẹ̀ ti yá.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo fi bíléèdì la pẹ́pẹ́yẹ náà, mo sì gbé e kiri láti yàrá dé yàrá, mo ń sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ wọn padà lọ ṣeré. Àwọn mìíràn ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n wọn ò yéé fa ọmọ wọn sẹ́yìn.

Ọmọ náà ti di géńdé báyìí. Bí mo bá rí nǹkan ìṣeré oníhò lọ́wọ́ ọmọ ìyàwó kékeré kan, mo máa ń sọ fún un pé kó tẹ omi inú rẹ̀ dànù, kó sá a, bí inú bá sì ti dúdú, kó jù ú nù. Wọ́n rò pé mo kàn fẹ́ràn ìmọ́tótó ni. Mi ò tíì sọ fún ìkankan nínú wọn pé mo pe obìnrin tó mọ́ jù mí lọ ní ọ̀bùn, pé ó gbọ́, àti pé òun náà ló pọn ọmọ mi.