Ọjọ́ tí Bọ́ọ̀sì Mi Kò Gbọdọ̀ Jò

Bí òórùn òdòdó dóńgóyárò bá pàdé ti ọ́ìlì tó ti jóná, ibì kan ṣoṣo ló máa ń gbé ọkàn mi lọ: ọgbà tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò ní Minna, níbi tí ohun tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ oníkálukú ti sọ ilẹ̀ di dúdú. O mọ bí àsìkò yẹn ṣe máa ń rí, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, tí oòrùn á ti máa ta ni lẹ́yìn láti àárọ̀. Abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níbẹ̀ ni mo dúró sí, tí mo ń wo bọ́ọ̀sì mi, tí mo sì ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó má dójú tì mí.

Ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí mo ní kò tà mọ́ nígbà náà, mo sì ti fi ohun tó kù níbẹ̀ ra bọ́ọ̀sì àlòkù kan. Ìyáàfin tó ni ilé ìwé kan ní Maikunkele ti ṣèlérí pé èmi ni yóò máa kó àwọn ọmọ lọ láti àdúgbò Keteren Gwari, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀ tí kò ní ìwé àyẹ̀wò. Bí àwọn ọmọ bá wọlé lọ́jọ́ Ajé tí n kò mú ìwé náà wá, ẹlòmíràn ni yóò gbé iṣẹ́ náà fún. N kò bá a jà. Bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, ohun tí èmi náà yóò sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, èmi àti ìyá mi sì gbọ́dọ̀ jẹun.

Bọ́ọ̀sì náà ń jò níwájú, ó ń jò lẹ́yìn. Mẹkáníìkì mi, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó pẹ́ ní Minna débi pé Hausa ló fi ń bá ẹ́ńjìnnì wí, ní kí n máa tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí n sì máa wò ó láàárọ̀. Èyí tó bá dúdú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Èyí tó bá pupa, ti jíà ni. Èyí tó bá ní àwọ̀ ewé, omi rédíétọ̀ ni. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ló tutù, tó sì ń yọ̀ bí omi ọṣẹ, ti bíréèkì nìyẹn, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kúrò nílé. Páálí tí mo kọ́kọ́ fà yọ dà bí aṣọ àdìrẹ. Ìyá mi tẹjú mọ́ ọn títí.

"Èwo ni kò wá jò níbẹ̀?" ó bi mí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ojú ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò ni ọ́ìlì ṣe ń kán. Ó ní kí n lọ tún un ṣe kí n tó padà wá. Mẹkáníìkì wá bẹ́ sí i. Ó pààrọ̀ rọ́bà, ó pààrọ̀ páìpù, ó wá ku gásíkẹ́ẹ̀tì kan tó ti gbó tó ń da ọ́ìlì sílẹ̀. Ìyá mi gbé àpótí jókòó tì í títí ó fi parí rẹ̀, ó ń gbé omi fún un, ó ń bi í ní ìbéèrè. Kí mẹkáníìkì tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó nawọ́ sí ibi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun náà: "Màmá, ibí gan-an ni àìsàn rẹ̀ wà." Láti ọjọ́ yẹn, páálí mi gbẹ. Mo gbé e lọ́wọ́, mo ń jó káàkiri àgbàlá.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo padà lọ, ọjọ́ tó kẹ́yìn tí mo ní. Bí mo ṣe wẹ̀ tán tí mo jáde, ìyá mi ti jókòó síwájú ọkọ̀, ó wọ aṣọ ìsìn, ó gbé àpò Bíbélì lé itan. "Mo ń bá ọ lọ," ló wí. Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ṣe olórí ẹgbẹ́ ìyá ní ìjọ Onítẹ̀bọmi rí, a kì í bá a jiyàn láàárọ̀.

Ọ̀gá náà yẹ iná wò, ó yẹ bíréèkì wò, ó ní kí n fọn fèrè. Gbogbo rẹ̀ dáa. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, kò sì tètè dìde.

"Màdáámù, ó mà tún ń jò."

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ̀kán kan rọ̀ dirodiro lábẹ́ ibi tí mẹkáníìkì tún ṣe gan-an, ó já bọ́, òmíràn sì ń kóra jọ. Mo rí ọjọ́ Ajé lójú mi, mo rí ẹlòmíràn tó ń kó àwọn ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà fi ìka kan án, ó fi ra ọwọ́, ó gbé e sí imú. Ó ní irú ọ́ìlì wo nìyí. Èmi náà gbóòórùn rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Òórùn iwájú orí mi ni, láti kékeré, ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá ń lọ ṣe ìdánwò.

Mo yíjú sí ìyá mi. Ó ti sọ̀ kalẹ̀.

"Òróró àdúrà ni, ọmọ mi," ó sọ fún ọ̀gá náà láìtijú. "Mo ta á sí i láàárọ̀ yìí."

"Inú ẹ́ńjìnnì, Màmá?"

"Ṣebí ibi tó bá ń dunni ni là ń fi òróró pa? Mẹkáníìkì ti fi ibẹ̀ hàn mí." Ó yọ ìgò òróró náà. Ìdí rẹ̀ nìkan ló kù.

Ọ̀gá náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. "Haba, Màmá." Ọmọ Ìlọrin ni, bí mo ṣe wá mọ̀. "Màmá tèmi náà, hàntú ló máa ń wọ́n mọ́ táyà mi, omi tí wọ́n fi fọ wàláà. Ṣùgbọ́n tiwọn máa ń gbẹ kí n tó dé ibi iṣẹ́." Ojú rẹ̀ padà sí ti iṣẹ́. "Mi ò lè kọ ọ́ pé àdúrà ló ń jò. Ẹ nù ún, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kó gbóná dáadáa. Tó bá tún kán, kò sí ohun tí mo lè ṣe." Ó tẹ́ bébà funfun kan sábẹ́ rẹ̀, ó sì lọ sí ìdí ọkọ̀ mìíràn.

Ìborùn tí ìyá mi fi ń lọ sí ìsìn ló yọ tó fi nù ún, kó tó di pé mo rí àkísà. Ẹ́ńjìnnì gbóná, èéfín adùn-lóòórùn gba gbogbo ọgbà, ẹnì kan sì fi Hausa béèrè ta ló ń dín àkàrà. N kò lè rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí: ta ló mọ̀ bóyá ọ́ìlì gidi wà lábẹ́ òróró yẹn? Ìyá mi jókòó tì mí lábẹ́ igi.

"N kò mọ ọkọ̀ wà," ó wí nígbà tó yá. "N kò ní iṣẹ́ tí mo lè bá ọ wá. Ohun tí mo ní náà ni mo tú lé e."

Ìbínú mi kò rí ibi dúró sí mọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ṣì ń yọ̀ fún òróró.

Ọ̀gá náà padà dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa bébà yọ, ó sì gbé e sókè kí a lè rí i. Eruku díẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, àti òdòdó dóńgóyárò kan tí atẹ́gùn gbé wá. "To," ló fi Hausa wí, "ó gbẹ." Ara mi fúyẹ́ débi pé mo kúnlẹ̀ kí i, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n dìde. Nígbà tó gbé ìwé lé mi lọ́wọ́, ó tẹ orí ba fún ìyá mi. "Ẹ ṣàdúrà fún èmi náà, Màmá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ni kẹ́ ẹ fi ṣe é." Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ lásán ṣe é, àdúrà náà sì gùn díẹ̀.

Bọ́ọ̀sì mìíràn ni mo ń wà báyìí, àwọn kan lára àwọn ọmọ ilé ìwé Maikunkele yẹn sì ti ń lọ sí yunifásítì ní Gidan Kwano. Ìyá mi ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba ìrìn àjò mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, yóò pè mí: "Ṣé o ti wo abẹ́ rẹ̀?" Èmi náà á ní mo ti wò ó, ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń mú ìgò kékeré tó fi sílẹ̀ fún mi, mo sì máa ń ta ẹ̀kán kan síwájú orí ara mi. Ara ọkọ̀ dá. Èmi ni ẹ̀rù ń bà, ibi tó bá sì ń dunni ni là ń fi òróró pa.