Ògiri Tí Mo Fọ̀ ní Lurup

Òórùn tábà tó ti pẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà Kneipe yẹn, ilé ọtí àtijọ́ kan ní Lurup nílẹ̀ Jámánì, tó ti wà níbẹ̀ nígbà tí Lurup ṣì jẹ́ abúlé. Koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀. Àjà rẹ̀ wálẹ̀ débi pé ọkùnrin gíga gbọ́dọ̀ tẹrí ba. Ààrò ńlá kan tí wọ́n fi táìsì búlúù bò wà ní kọ̀rọ̀, bẹ́ǹṣì gígùn sì wà lára ògiri, tí ìdí àwọn èèyàn ti nù ún títí tó fi ń dán. Àwọ̀ ògiri fúnra rẹ̀ wá dà bíi ti tíì tí kò ní mílíìkì.

Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó gbọ́ Jámánì dáadáa, ló mú mi lọ síbẹ̀ láti máa tún ibẹ̀ ṣe láràárọ̀. Ọ̀gá ibẹ̀, bàbá arúgbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí n fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò. Tí iṣẹ́ mi bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á buwọ́ lu Arbeitsvertrag mi lọ́jọ́ Ẹtì. Ìwé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ rí kí wọ́n tó fún mi ní ìwé ìgbélùú míì. Láìsí i, ilé ni mò ń padà sí, mi ò sì ní nǹkan kan tí mo fẹ́ lọ bá nílé.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo ronú pé kí ló kù tí mo lè ṣe tí bàbá yìí ò fi ní lè kọ̀? Ilẹ̀ ti dán, ife ti dán. Mo bá gbójú sókè. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rò ó wò: ẹni tí wọ́n tọ́ nílé wa, ṣé ó lè rí irú ògiri bẹ́ẹ̀ kó kọjá? Mo gbé àkàbà, mo po omi gbígbóná mọ́ ọṣẹ, mo mú kànrìnkàn. Omi tó ń ṣàn bọ̀ lápá mi dúdú bí àgbo. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín báyìí; nígbà yẹn, orin ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń kọ ní tèmi.

Ibi tó ti funfun ti fẹ̀ tó ìró kan tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀gá wọlé. Ó ṣí fìlà, ó jókòó. Ẹ̀rù bà mí, mo pe arábìnrin wa, mo sì na fóònù sí ọ̀gá látorí àkàbà. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dá a padà fún mi.

"Màmá, ta ló rán yín?" ni arábìnrin wa bi mí.

"Ìdọ̀tí ni mo fọ̀."

"Ìdọ̀tí kọ́! Ó ní èéfín ìkòkò tábà bàbá òun ni, àti ti bàbá bàbá òun."

"Èéfín? Ta ló ń tọ́jú èéfín?"

"Àwọn ni o. Ẹ ṣáà sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà yẹn ná!"

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo da omi nù, mo fọ korobá, mo dúró kó lé mi. Ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ojú funfun náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún gba fóònù. Arábìnrin wa ní, "Ó ní èéfín á tún bò ó. Kí ẹ wá lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì ó buwọ́ lùwé, èmi náà fi àmì tèmi sí i. Mi ò mọ ohun tó rò.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà ni ìjọba ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu sìgá nínú ilé ọtí mọ́. Àwọn oníbàárà ń jáde lọ mu ún lábẹ́ òjò, ojú funfun yẹn sì wà bó ṣe wà. Tí àlejò bá bi ọ̀gá nípa rẹ̀, á kàn nawọ́ sí mi: "Ògiri tiẹ̀ nìyẹn." Á wá máa rẹ́rìn-ín sínú.

Oríṣiríṣi ìwé ni mo ti fàmì sí nílẹ̀ yìí láì lè ka ìkankan. Mi ò mọ àpótí tí wọ́n kó wọn sí. Èyí tí mo fi kànrìnkàn kọ, mo mọ ibi tó wà.